Ilá Tó Ga Ju Onírè Lọ

Ẹsẹ̀ méjì tó kún fún ẹrẹ̀ ni púlọ́ńbà kọ́kọ́ rí, lókè téńté òrùlé ilé alájà mẹ́rin, níbi tí ẹrẹ̀ ò ti ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ó ti yọ orí láti ojú ihò àtẹ̀gùn. Ó gbójú sókè díẹ̀, ó rí orúnkún. Ó tún gbójú sókè, ó rí aṣọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí, ó rí ọwọ́ tó ń so okùn mọ́ irin, ó rí ẹ̀wà tó ń fà gun okùn náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí ojú rẹ̀ tó dé ojú olójú, garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà ṣubú. Gbogbo omi inú rẹ̀ sì mọ ibi tó ń lọ: orí púlọ́ńbà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni ohùn kan wí láti òkè. "Ṣé ẹ ti rí ibi tó ń jò?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ọkùnrin tó pàdé ìyàwó rẹ̀ nílé ìwòsàn, mo ti rí èyí tó pàdé tiẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jà lórí àga inú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n wẹ̀ fún kó tó rí ojú àfẹ́sọ́nà, òun nìkan ni mo mọ̀.

Ó fi apá nu ojú, ó wá rí i wàyí. Ọmọbìnrin náà dúró lórí àgbá, ó fi eyín di okùn kan mú, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, bíi ti ẹyẹ tó ń ṣọ́ ẹyin. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo òrùlé ló ń mì. Tòmátò ń hù nínú agbada ìwẹ̀ tó ti fọ́. Ata kún inú fíríìjì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Ẹ̀fọ́ wà nínú àwọn àpótí tí wọ́n fà yọ lára tábìlì, àlùbọ́sà jókòó sínú ibi ìfọwọ́ bí ẹni tó ń dúró de omi gbígbóná.

"Aránṣọ ìsàlẹ̀ ló pè mí," ni púlọ́ńbà wí. "Ó ní omi ń kán sórí ẹ̀rọ òun. Ó ní omi yín ni."

"Omi tèmi kọ́, omi òjò ni. Mo kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ṣé kí n lọ gbowó iṣẹ́ mi lọ́wọ́ òjò nígbà náà?"

"Ẹ gbìyànjú. Èmi náà ti ń pè é láti oṣù tó kọjá, kò dá mi lóhùn."

Ó di ibi tó ń jò, iṣẹ́ parí. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Ó rìn yí òrùlé ká, nítorí ọkùnrin náà ò lè dúró sójú kan; bó ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti máa wá ibòmíràn lọ. Ó wo garawa, ó wo àtẹ̀gùn, ó wo páìpù ńlá tó ń gbé omi òjò láti òrùlé lọ sínú gọ́tà.

"Ẹ gbọ́ ná. Omi ń ti orí yín ṣàn lọ sí gọ́tà, ẹ̀yin sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omíràn gun àjà mẹ́rin?"

"Tí ẹ bá sọ ọ́ báyìí, ó jọ ìwà òmùgọ̀."

"Màá padà wá lọ́la, kí n wá gé páìpù yẹn sínú àgbá."

Ọ̀la kọ́ ló padà wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ọ̀gbìn gun òrùlé. Ní àdúgbò yẹn, gbogbo ewé tó ń wọ ìkòkò, lọ́rì ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún kan, àwọn tó ni lọ́rì àtàwọn tó ni ibùdókọ̀ bá ara wọn jà, lọ́rì ò wá mọ́. Ọjà gbẹ. Ata tó ti rọ di ohun tí àgbàlagbà ń fa ara wọn láṣọ ya lé lórí. Aránṣọ ìsàlẹ̀ dákú sórí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó rí ló ń bù fáwọn ọmọ. Lọ́jọ́ yẹn ni Bàbá Awakọ̀ gun òrùlé lọ bá ìbínú rẹ̀ jókòó. Ó ti wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun náà ló tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà, nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ó wo ilẹ̀ kọnkéré tó lọ salalu. Ó ní, "Oòrùn ń ṣòfò níbí." Ọmọ náà ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn di iṣẹ́.

Kálukú gbé ohun tó ní gòkè, kálukú rí ilẹ̀ tirẹ̀. Òfin wọn ò pọ̀. Ilé á kọ́kọ́ jẹ yó kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ títà. Irúgbìn ò sì gbọdọ̀ ti ìta wá. Ọmọbìnrin náà máa ń sọ pé ẹni tó bá ń ra irúgbìn lọ́dọọdún, ìkòkò oníkòkò ló gbé kaná. Nítorí náà, lẹ́yìn táńkì, ní igun tí àlejò kì í dé, ni wọ́n ń fi àwọn ìyá irúgbìn sí: ilá tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rè, ẹ̀fọ́ tí wọ́n jẹ́ kó yọ òdòdó, tòmátò tí wọ́n fún sínú abọ́ omi kí kóró rẹ̀ lè bọ́ nínú omi yíyọ̀ tó bò ó. Ọdún tó ń bọ̀ ló wà ní igun yẹn. Àwọn kan ń pe ọmọbìnrin náà ní Àgbẹ̀ Òkè láti fi yìn ín, àwọn kan láti fi bú u. Ó ń jẹ́ méjèèjì.

Púlọ́ńbà gé páìpù, omi òjò wọ àgbá. Ó tún wá bí i pé kó wò ó bóyá ó dára. Ó tún wá.

"Ọ̀gbẹ́ni Páìpù, ẹ tún ti dé. Kí ló tún jò?"

"Kò sóhun tó jò. Mo ní kí n wá wò ó bóyá á jò ni."

"Tí kò bá jò ńkọ́?"

"Màá dúró dè é."

Àárín wọn ni "ẹ" ti di "o", kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á máa so ẹ̀wà, wọ́n á máa gbó ara wọn lẹ́nu. Títí di ọjọ́ kan tí púlọ́ńbà gbé òòlù sílẹ̀, tó tún gbé e, tó tún gbé e sílẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" ni Àgbẹ̀ Òkè bi í.

"Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun. Sípánà ò tú u."

"Bóyá kó o kọ́kọ́ ti omi ibẹ̀ pa."

"Mo fẹ́ràn ẹ."

Àgbẹ̀ Òkè ń gbin ọmọ ata lọ́wọ́. Ó gbìn ín tán, ó fi ìka tẹ ilẹ̀ yí i ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó tó gbójú sókè. "Mo mọ̀," ó wí. "Ta ló ń wá wo ohun tí kò jò lójoojúmọ́?"

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí ò tíì sọ.

Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Onílọ́rì. Òun ló ni ìsọ̀ tó tóbi jù ní ibùdókọ̀, òun ni gbogbo alárobọ̀ àdúgbò ń ra tòmátò àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí òrùlé yẹn ti ń so ni àwọn alárobọ̀ ti ń gbé ọjà padà wá bá a pé ilé báyìí ò rà mọ́, ilé báyìí ti ń jẹ tiẹ̀. Ó ní kí òun lọ fojú ara òun rí i.

Ní àjà kìíní, ó bú àtẹ̀gùn. Ní ìkejì, ó bú ẹni tó kọ́lé. Ní ìkẹta, ó bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó fi dé òrùlé, èébú ti tán nínú rẹ̀, ẹ̀rín ló kù.

"Ìwọ lò ń jẹ́ Àgbẹ̀ Òkè?"

"Èmi ni, Mà. Ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi fìdí lé àgbá yìí, kẹ́ ẹ mí díẹ̀."

"Mi ò wá jókòó. Gbogbo èyí ni mo fẹ́ rà."

"Gbogbo kí ni, Mà?"

"Gbogbo ohun tó bá ti ní ewé. Tòní, toṣù tó ń bọ̀, tọdún tó ń bọ̀. Sọ iye ẹ̀."

"A kì í tà á, Mà. Àwọn ará ilé ló ń jẹ ẹ́."

"Kí wọ́n máa jẹ ẹ́ láti ọwọ́ mi. Ṣé mo ní màá gbé e sá lọ ni?"

"Nígbà tí lọ́rì ò wá lọ́dún yẹn, Mà, ọwọ́ yín ni gbogbo wa ń wò. Ata yín wọ́n ju ẹran lọ."

"Èmi kọ́ ni mo..." Ìyá Onílọ́rì pa ẹnu dé. Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Ọmọ yìí, mo fowó lọ̀ ẹ́, o ní rárá?"

"Mo kọ́kọ́ ní ẹ ṣeun, Mà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ní rárá."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ẹnì kan ti ń súfèé bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Páìpù ló kọ́kọ́ yọ, orí púlọ́ńbà tẹ̀lé e. "Ayanfẹ́ mi, mo ti rí èyí tó gùn..." Ó rí ẹni tó dúró. Ìfé gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. "Màámi."

"Ta ni ayanfẹ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ta ni Màámi?" ni Àgbẹ̀ Òkè bi í.

Púlọ́ńbà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó wo páìpù bí ẹni pé páìpù ló máa gbà á sílẹ̀.

"Ó yé mi," ni Ìyá Onílọ́rì wí. "Ẹni tó gba oníbàárà mi, òun náà ló tún fẹ́ gba ọmọ mi. Kí ni wọ́n á wá ṣẹ́ kù fún mi, àpò òfìfo?" Ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sì bú àtẹ̀gùn kankan. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti burú.

"O fi ìyá ẹ pamọ́ fún mi bí ẹni fi egbò pamọ́," ni Àgbẹ̀ Òkè wí.

"Mo ń wá ìgbà tó dára láti sọ ọ́ ni."

"O ń wá ìgbà tó dára, ìyá ẹ ti wá ọ̀nà tó yá. Lọ bá a sọ̀rọ̀ kó o tó tún gòkè wá."

Ó lọ. Ìyá ní kó yan ọ̀kan. Ó padà wá sọ. Ọmọbìnrin ní kó padà lọ. Báyìí ni púlọ́ńbà di garawa àárín kànga méjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí omi nínú rẹ̀. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó jókòó sídìí iṣẹ́, ó dìde. Ó gba ìlẹ̀kùn kan wọlé, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ó gba ibẹ̀ jáde. Lọ́kàn ara rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò ṣe é mọ́. Kí òun ṣe nǹkan ńlá kan fún ọmọ yìí, nǹkan tó máa rí tí inú rẹ̀ á yọ́.

Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó gbà wá lọ́wọ́ ọkùnrin tó fẹ́ ṣe nǹkan ńlá.

Ó gòkè ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Àgbẹ̀ Òkè àti Bàbá Awakọ̀ lọ sí ilé kejì. Àwọn ará ilé kejì fẹ́ dá oko tiwọn sórí òrùlé tiwọn, Àgbẹ̀ Òkè sì ti ṣèlérí irúgbìn fún wọn. Púlọ́ńbà gbálẹ̀. Ó fọ ojú gọ́tà. Ó ṣì lágbára, ó wá dé ẹ̀yìn táńkì.

Ó rí ilá tó ga jù ú lọ, tó gbẹ, tó le bí igi, tó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ó rí ẹ̀fọ́ tó ti yọ òdòdó wúruwùru. Ó rí abọ́ tòmátò tó ń hó, tó ń rùn, tí nǹkan funfun ti bo ojú rẹ̀. Ó káwọ́ mọ́ ìbàdí. "Ilá kì í ga ju onírè lọ," ó wí fún ara rẹ̀, nítorí òwe yẹn ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. "Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ ọlọ́mọ." Ó tẹ ilá, ó gé e. Ó tu ẹ̀fọ́. Ní ti omi inú abọ́, púlọ́ńbà ṣáà ni. Omi tó bá ti ń rùn, ibì kan náà ló mọ̀ tó yẹ kó wà. Ó dà á sójú gọ́tà, ó yí táàpù lé e lórí kó lè lọ dáadáa. Ọkọ̀ akólẹ̀ ti fẹ́ kúrò nísàlẹ̀. Ó sáré kó gbogbo ohun tó gé sínú àpò, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ àwọn akólẹ̀ kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró de òun. Wọ́n dúró dè é.

Àgbẹ̀ Òkè dé pẹ̀lú Bàbá Awakọ̀ àti àwọn ará ilé kejì lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ wá wo ìyá irúgbìn," ó wí fún wọn, ó sì ṣíwájú wọn yí táńkì ká.

Ilẹ̀ ń dán. Púlọ́ńbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé.

"Níbo ni ilá wà?"

"Mo ti bá ẹ kó o. Ó ti gbó jù, kò ṣeé jẹ mọ́."

"Omi inú abọ́ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ó ti ń rùn. Mo fọ abọ́ náà fún ẹ." Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. "Wò ó."

Àgbẹ̀ Òkè gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ọṣẹ lo fi fọ̀ ọ́."

"Ọṣẹ tó dára ni."

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé kejì húkọ́. Bàbá Awakọ̀ ló bá púlọ́ńbà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò sì le. "Ọmọ mi, ilá tó gbó yẹn ni ìyá ilá ọdún tó ń bọ̀. Tòmátò tó ń rùn yẹn, bí wọ́n ṣe ń gba irúgbìn ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo tòókù la ti ká jẹ tán; ọ̀la lo gbá dà sínú ọkọ̀ akólẹ̀."

Ṣé ẹ ti rí ọkùnrin tó ń lé ọkọ̀ akólẹ̀ la ojú títì já? Ó sáré dé ààtàn. Iná ló bá níbẹ̀. Nígbà tó padà gòkè, èéfín ń yọ lára aṣọ rẹ̀.

"Má wá mọ́ ná," ni Àgbẹ̀ Òkè wí. "Mi ò bú ẹ. Tí mo bá ń rí ẹ ni mi ò lè ronú."

"Màá lọ. Mi ò sì ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹ títí ilá á fi tún gbó, tí á gbẹ, lórí òrùlé yìí."

Àwọn ará ilé pé jọ ní ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ ní kí wọ́n lọ ra irúgbìn inú páálí, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn kan ti ń dìde.

"Ẹ dúró," ni Bàbá Awakọ̀ wí. "Ọkọ̀ ò tíì dúró, ẹ ti ń sọ̀."

"Ti inú páálí tí wọ́n ń tà níbí, ó máa so dáadáa lẹ́ẹ̀kan," ni Àgbẹ̀ Òkè wí. "Tẹ́ ẹ bá tún kóró ẹ̀ gbìn, kì í jọ ìyá ẹ̀. A ó padà lọ rà á lọ́dún tó ń bọ̀, àti ọdún kejì ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọn ò bá tà fún wa, ọjọ́ yẹn la tún dé ibi tí lọ́rì já wa jù sí." Kò sùn lóru yẹn, ẹ má jẹ́ ká lọ wò ó.

Púlọ́ńbà, ní tirẹ̀, rántí ohun kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kórè ni àwọn èèyàn ń kó tiwọn lọ sílé, ọ̀pọ̀ sì ti gbé ọmọ ata àti tòmátò lọ sí ojú fèrèsé. Ó gbé àpò sípánà kọ́ èjìká, ó ń kanlẹ̀kùn kiri. Ẹni tó bá ní táàpù tó ń kán, ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń gbà kò ju pé kí wọ́n má jẹ ohun tó so lójú fèrèsé wọn.

"Tòmátò mi nìyẹn o," ni bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe wí fún un.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́."

"Kí n máa kí i?"

"Ẹ fi sílẹ̀ títí á fi rọ̀ dáadáa."

"Ọmọ yìí, ṣé ara ẹ yá?" Bàbá já a, ó gé e jẹ níṣojú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ dé ìdí. "Iyọ̀ ni kò sí," ó wí, ó sì na ìyókù sí i. Kóró wà lára rẹ̀. Púlọ́ńbà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ẹni gba oyè.

Ọ̀rọ̀ dé etí Ìyá Onílọ́rì kíá. Àwọn alárobọ̀ ló lọ sọ ọ́: "Ọmọ yín ń tọrọ àjẹkù tòmátò kiri àdúgbò." Ó ránṣẹ́ pè é.

"Ṣé èmi ni mo bí ẹ? Ìyá ẹ ń ta tòmátò, o ń tọrọ ìdí ẹ̀?"

"Tiwọn ni mo ń wá, Màámi, èyí tó ti mọ òrùlé wọn lára. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún wọn." Ó wo inú ìsọ̀ káàkiri. Apẹ̀rẹ̀ wà, kò sí nǹkan nínú wọn. "Ọjà yín dà? Lọ́rì yín ò tíì dé ni?"

"Lọ́rì wo?"

"Lọ́rì yín."

"Mi ò ní lọ́rì."

Ẹ mú àga jókòó, ọmọ náà ti fìdí lé apẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní ọmọ Ìyá Onílọ́rì. Ó ti fi lọ́rì yẹn jà nílé ìwé.

"Wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo ń dáhùn," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń fi ọwọ́ gbọn apẹ̀rẹ̀ tí kò ní eruku. "Oní-lọ́rì ló ń sọ iye tí màá tà. Òun ló ń sọ ọjọ́ tí màá tà. Nígbà tí ata wọ́n yẹn, ṣé o rò pé èmi ni mo jèrè ẹ̀? Ó ti wá ń gbé ọjà fún ẹlòmíràn báyìí. Ìdí tí mo fi gun òrùlé yẹn nìyẹn. Ibi tí màá gbọ́wọ́ lé ni mò ń wá, ọmọ yẹn sì wò mí lójú, ó ní rárá."

"Màámi, ẹnì kan náà ni ẹ̀yin àti òun jọ ń sá fún."

Ìyá gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lẹ ò tíì rí?" ó bi í.

"Ilá. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí ilá gbó lójú fèrèsé."

"Mo mọ bàbá tó ń gbìn ín. Láti ìgbà tí mo ti ń ta ilá ẹ̀, lọ́rì ló wà láàárín wa, a ò tíì jọ mumi rí." Ó wé gèlè. "Ọkọ̀ wo ló ń lọ sọ́nà ibẹ̀?"

Lọ́jọ́ tó padà dé, ó gun àjà mẹ́rin láìbú ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìdì kékeré kan sí iwájú Àgbẹ̀ Òkè, ó tú u. Ilá gbígbẹ ni, ó ń ró nínú.

"Èló ni, Mà?"

"Kì í ṣe títà. Bàbá tó ni ín ní tẹ́ ẹ bá kórè, kẹ́ ẹ dá iye yìí padà, kí òun náà lè fún ẹlòmíràn. Ó tún ní tí tiyín ò bá tó yín jẹ, òun ní èyí tó ń bà jẹ́ lóko tí lọ́rì ò bá gbé e. Mo ní èmi lè máa lọ, kí n máa bọ̀, láàárín yín."

"Ilé á kọ́kọ́ jẹ yó o, Mà."

"Mo gbọ́. Mo ti gbọ́ lọ́jọ́ kìíní, ìbínú ló di mí létí." Ìyá Onílọ́rì fìdí lé àgbá. "Mo bínú sí ẹ pé o kọ owó mi. Nígbà tó yá ni mo rò ó pé ẹni tó lè kọ owó mi, kò sẹ́ni tó máa fowó gbà á lọ́wọ́ ọmọ mi."

Àgbẹ̀ Òkè ò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ó ń ka èso ilá tí kò nílò kíkà. "Òun náà dà?"

"Ó wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní o ní kí òun má gòkè."

Ó lọ yọjú sí ihò àtẹ̀gùn. Púlọ́ńbà jókòó níbẹ̀, ìdì kan wà lórí itan rẹ̀: irúgbìn ata, irúgbìn tòmátò, irúgbìn ẹ̀fọ́, kálukú nínú bébà tirẹ̀, orúkọ ẹni tó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ wà lára rẹ̀.

"Gòkè wá," ó wí. "Ilẹ̀ ti ń dúró."

Wọ́n gbìn ín. Ilé kejì gba tiwọn nínú rẹ̀, ó kéré, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyá Onílọ́rì ń lọ, ó ń bọ̀. Púlọ́ńbà ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ó ń so okùn pupa mọ́ èyí tó bá dára jù nínú ohun gbogbo kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ìyá rẹ̀ pàápàá. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ já tòmátò olókùn kan, ó dúró sí i níwájú. "Èmi ìyá ẹ?" "Ẹ̀yin gan-an, Màámi." Ṣùgbọ́n kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Àgbẹ̀ Òkè. Kò béèrè omi mímu pàápàá.

Ara ẹnì kan ò wá balẹ̀ mọ́ wàyí, kì í sì í ṣe ti púlọ́ńbà. Àgbẹ̀ Òkè ló ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lórí òrùlé, tó ń fọwọ́ kan ilá ní àárọ̀, tó tún ń fọwọ́ kàn án ní ọ̀sán. Ilá ga. Ó yọ òdòdó, ó so. Ó ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Òjò ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ojú ọ̀run ti ṣú. Àwọn méjèèjì ń sáré so ilá mọ́ irin kí atẹ́gùn má baà dá a.

"Ilá yìí ń pẹ́ o," ni Àgbẹ̀ Òkè wí.

"Ilá kì í yára gbẹ."

"Mo mọ bí ilá ṣe ń gbẹ. Èmi ni mo kọ́ ẹ." Ó fa okùn. Ó tún fà á, bẹ́ẹ̀ ó ti le tẹ́lẹ̀. "Ṣé kí èmi náà gbẹ mọ́ igi kó o tó béèrè ni?"

Púlọ́ńbà dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dúró. "Mo ṣèlérí ni."

"Èmi lo ṣe é fún. Mo dá a padà fún ẹ."

Púlọ́ńbà ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan sórí láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ dídùn, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdí. Ó wá a, kò rí i. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Di okùn yẹn mú dáadáa, atẹ́gùn ti dé."

Ó dì í mú. Ọmọbìnrin náà di ìkángun kejì mú. Gbogbo òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ewé ń pariwo, àgbá ń ró, òjò ṣubú lù wọ́n. Okùn fà le láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó jọ̀wọ́ rẹ̀.